Ó Fẹ̀, Àmọ́ Kò Tíì Gbẹ

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ní oko méjì. Ọ̀kan wà lókè, ibẹ̀ ló ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ sí. Èkejì wà nísàlẹ̀, létí odò Ògùn, ní abúlé wa tó wà lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Èyí tó wà nísàlẹ̀ là ń pè ní àkùrọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, kò sí àgbà tó ń débẹ̀. Àwa ọmọdé tí à ń wá akàn nìkan la máa ń yọ́ lọ, torí omi á ti gba gbogbo ibẹ̀, ilẹ̀ á ti di ẹrọ̀fọ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ mì dé orúnkún. Àmọ́ bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ilẹ̀ oko òkè ń sán, tí ewé ẹ̀gẹ́ pàápàá ń rẹ̀ dànù, ìgbà yẹn ni àkùrọ̀ ń jí.

Ebè tó ń kọ síbẹ̀ máa ń ga ju ti òkè lọ. Á fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ebè méjì kí omi lè rí ibi gbà. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ata wà lórí ebè. Kókò àti ìrèké wà létí omi. Àgbàdo wà níbi tó ga díẹ̀. Tó bá di oṣù kejì ọdún, tí gbogbo ayé ń fi àgbàdo gbígbẹ lọ ògì, àgbàdo tútù là ń rù lọ sí ọjà Kútọ̀. Àwọn oníbàárà á ti dúró dè wá lójú ọ̀nà. Owó àgbàdo yẹn ló ra aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ mi àkọ́kọ́, mo sì rántí òórùn rẹ̀ títí dòní, òórùn aṣọ tuntun tó ti pẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́.

Tí èèyàn bá kọjá àkùrọ̀ náà sísàlẹ̀ sí i, á bá àbàtà gidi pàdé. Igi ògùrọ̀ ló kún ibẹ̀, imọ̀ wọn bo ojú oòrùn, omi ibẹ̀ dúdú bí aró. Kò sẹ́ni tó ń dá oko síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń wọ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lọ ya ìko, wọ́n sì ń dẹ ìgèrè sí ẹnu rẹ̀ nítorí ẹja àrọ̀, àmọ́ wọn kì í wọ àárín. Ìyá Àgbà sọ fún wa pé egbére ń gbé ibẹ̀. Ẹ mọ egbére, ẹni kúkúrú tó ń sunkún kiri, tó ká ẹní sí abíyá. Wọ́n ní ẹni tó bá já ẹní náà gbà tó sì lè fara da ẹkún rẹ̀ á di olówó. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti pète rẹ̀ tán, èmi ni n óò di etí, òun ni yóò já ẹní. A ò débi kankan kí ẹ̀rù tó lé wa padà.

Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ Ìyá Àgbà ìdí tí a kò fi lè dá oko síbẹ̀, kò tún dárúkọ egbére mọ́. Ó ní, “Ibi tí odò ń sùn sí nìyẹn. Èèyàn kì í tẹ́ ẹní sórí ẹní ẹlòmíràn.”

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn kò yé mi títí mo fi di ìyálé ilé, tí mo sì fi owó ara mi ra ibùsùn odò.

Ọdún 2008 ni èmi àti ọkọ mi ra ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan ní apá Ìṣẹ́rí, níbi tí odò Ògùn ti ń sún mọ́ ọ̀sà Èkó. Odò yẹn kan náà ni o, èyí tó ń ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkùrọ̀ Ìyá Àgbà. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní iṣẹ́ àgbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà nígbà yẹn, ó sì yẹ kí n ti mọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n mú wa lọ wo ilẹ̀. Ilẹ̀ náà dúdú, ó rọ̀, koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo koríko ojú ọ̀nà ti gbẹ. Lékelèké tò síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Kòtò kan wà lẹ́yìn ilẹ̀ náà tó ní omi, òṣíbàtà sì tan òdòdó funfun sí ojú rẹ̀.

Òṣíbàtà yẹn ló mú ọkàn mi. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi ṣàdúrà fún wa: òjúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú, mo ní ilẹ̀ yìí ni ti wa, a óò lékè níbẹ̀. Ewé tó wà níwájú mi ń sọ fún mi ní kedere pé ilé omi ni mo dúró sí, èmi ń ṣe àmín.

Ẹni tó ta ilẹ̀ fún wa ní, “Ilẹ̀ tútù ni, Ma. Ẹ kàn máa da yanrìn díẹ̀ sí i.” Díẹ̀ náà di típà 16 kí a tó lè fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Òṣíbàtà lọ sábẹ́ típà kejì.

Alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi dé. Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìràwọ̀ wà lójú ọ̀run. Kò pariwo, kò ru. Ó kọ́kọ́ yọ láti inú ihò ilé ìwẹ̀, ó wá ń rìn bọ̀ ní pálọ̀ bí àlejò tó mọ inú ilé. Ọmọ mi kejì, tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ló jí mi. Ó ní, “Màámi, bàtà mi ń rìn.” Mo gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti orí ibùsùn, omi gbà á dé ọrùn ẹsẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé ìdí fèrèsé. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n fi kó wa jáde. Mo gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n, mo ru àpótí ìwé ẹ̀rí wa lérí, fíríìjì wa sì ń léfòó lẹ́yìn mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Lókè lọ́hùn-ún, odò Ọ̀yán ń ṣàn bọ́ sínú odò Ògùn kí Ògùn tó dé Abẹ́òkúta. Wọ́n parí ìdídò, èyí tí wọ́n ń pè ní dáàmù, sórí Ọ̀yán ní 1983, láti máa fi rí omi mímu fún Abẹ́òkúta àti Èkó. Bí òjò bá pọ̀ jù, ìdídò á kún, wọ́n á sì ní láti tú omi sílẹ̀, torí bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tó burú jù lè ṣẹlẹ̀. Omi tí wọ́n tú sílẹ̀ á wá sísàlẹ̀, á máa wá ibi tó ti ń tẹ́ ara rẹ̀ sí látọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ibẹ̀ la wà.

Kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la sùn sí fún ọjọ́ mọ́kànlá. Baba apẹja kan tó jẹ́ ọmọ bíbí àdúgbò náà máa ń gbé ẹja wá fún wa. Ní ọjọ́ kẹta, ó jókòó ti àwa obìnrin, ó wo omi lọ títí, ó wá ní, “Àbàtà takété bí ẹni pé kò bá odò tan.” Ó dìde, ó lọ.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ òwe yẹn rí. Nínú ìpàdé mọ̀lẹ́bí ni mo ti máa ń gbọ́ ọ, nígbà tí wọ́n bá ń bá ẹni tó ti rí ṣe tó sì ń yẹra fún ẹbí wí. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, ọ̀rọ̀ ènìyàn ni mo kà á sí. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ òwe náà bó ṣe rí gan-an: ọ̀rọ̀ nípa àbàtà ni, láti ẹnu ẹni tó mọ àbàtà. Ó lè wà ní ìdajì máìlì sí odò, kí koríko bò ó, kí èèyàn má rí ibi tí omi gbà wọlé tàbí ibi tó gbà jáde. Àmọ́ wọ́n tan. Nísàlẹ̀ ilẹ̀, omi wọn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Tí odò bá ní púpọ̀ jù, yóò gbé e fún àbàtà tọ́jú. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí odò ṣaláìní, àbàtà á máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n wo kànrìnkàn ìwẹ̀. Kànrìnkàn odò ni àbàtà. Ó ń fa omi mu, kì í jẹ́ kó ya wọ ilé. Ó ń sẹ́ ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀. Inú koríko rẹ̀ tí omi bò ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni àrọ̀ ń yé ẹyin sí. Bí ẹ bá ti rò ó dé bẹ̀, ẹ óò rí i pé àárín ògùrọ̀ tí egbére Ìyá Àgbà ń ṣọ́ ni ibi tí ẹja gbogbo odò abúlé wa ti ń wá. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi egbére síbẹ̀, àmọ́ ẹni náà gbọ́n ju èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí lọ.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo padà sí ìtàn Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú ojú mìíràn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n láti ilé-ẹ̀kọ́: omi àti àbàtà ni gbogbo ìsàlẹ̀ ayé, Olódùmarè fún Òrìṣà-ńlá ní iyẹ̀pẹ̀ nínú ìkarahun ìgbín àti adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, ẹmu wá ba nǹkan jẹ́ lójú ọ̀nà, àwọn kan sì sọ pé Odùduwà ló parí iṣẹ́. A máa ń sáré débi tí adìẹ ti tan ilẹ̀ ká. A kì í dúró lọ́dọ̀ agẹmọ. Bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ìtàn náà pé lẹ́yìn tí iyẹ̀pẹ̀ ti tàn, wọ́n kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́lé. Agẹmọ ni wọ́n kọ́kọ́ rán kó lọ wò ó. Ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè tí yóò dá a dúró ná kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó rìn ín, ó padà wá jíṣẹ́: ilẹ̀ náà fẹ̀, àmọ́ kò tíì gbẹ tó. Wọ́n ní inú “fẹ̀” yẹn ni orúkọ Ifẹ̀ ti wá. Wọ́n dúró. Wọ́n tún rán an lẹ́ẹ̀kejì kó tó di pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kan ilẹ̀.

Ìyá Àgbà ní ìdí nìyẹn tí agẹmọ fi ń rìn bẹ́ẹ̀ dòní, pé láti orí àbàtà ìjọ́sí ni ìrìn náà ti mọ́ ọn lára. Mo gbà á gbọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sì tún ti padà gbà á gbọ́.

Ní Bùràsíìlì, àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò lọ́dọ̀ wa ṣì ń bọ Nàná Bùkúù, òrìṣà arúgbó tó ni ẹrẹ̀ àti àbàtà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé nígbà tí Òrìṣà-ńlá fẹ́ mọ ènìyàn, ó fi igi ṣe é, kò dára. Ó fi òkúta ṣe é, ó le jù. Ó fi iná ṣe é, ó jó tán. Nàná ló na ọ̀pá rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi, ó bu ẹrẹ̀ fún un. Ẹrẹ̀ yẹn ló gbà. Àmọ́ ó yá a ni o, kò ta á lọ́rẹ. Ìdí nìyẹn tí ara ènìyàn fi ń padà sínú ilẹ̀ lọ́jọ́ ikú, kí Nàná lè gba ohun tirẹ̀. Nílé níbí, a ṣì ń kí Ọbàtálá fún mímọ ènìyàn, Yemọja tó ni odò Ògùn sì ní ojúbọ rẹ̀ ní Ìbarà l'Abẹ́òkúta. Ẹni tó ni ẹrẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa kì í dárúkọ mọ́. Onígbàgbọ́ ni mí, n kò bọ òrìṣà, àmọ́ ó dùn mí pé inú ìtàn àwọn tí wọ́n jí kó lọ ni mo ti pàdé ẹni tó bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀ tí mo dà yanrìn lé lórí.

Ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀ sí í ka àbàtà sí ilẹ̀ burúkú? N kò rò pé ọjọ́ kan ni. Ẹ̀fọn wà lára ìdí rẹ̀, mi ò sì ní fojú kékeré wo ẹ̀fọn, torí mo ti bá ọmọ ṣàìsàn ibà sùn ní ọsibítù. Ọdún 1897 ni Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. William MacGregor, dókítà tó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, mú ọ̀rọ̀ náà lọ́kùn-únkúndùn: ó gbẹ́ ojú omi láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ojú omi náà, ó sì ní kí wọ́n máa kún àbàtà ìlú. Láti ìgbà yẹn, bí ará Èkó bá rí àbàtà, àìsàn ló rí. Ohun tí n kì í gbàgbé láti sọ ní kíláàsì ni pé ẹ̀fọn tó ń gbé ibà káàkiri lọ́dọ̀ wa fẹ́ràn omi kékeré tí oòrùn ń pa: ipa táyà, kòtò búlọ́ọ̀kù, omi tó dúró sójú yanrìn. Omi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní àdúgbò wa lẹ́yìn tí a kún ilẹ̀ ju ìgbà tí àbàtà wà níbẹ̀ lọ, nígbà tí ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ idin wọn.

Lọ́dọọdún mo ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí ibi ìdáàbòbò ẹ̀dá tó wà ní Lẹ́kí, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990. Hẹ́kítà 78 ni. Orí pákó la ń rìn, àbàtà wà lábẹ́ wa lọ́tùn-ún lósì, ọ̀bọ ń fò lókè. Bí gbogbo Lẹ́kí ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn, kí yanrìn tó dé. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan tó dákẹ́ láti àárọ̀ gbá ọwọ́ mú igi ògiri pákó, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní, “Ma, ìgbà wo ni wọ́n máa kún ibí yìí?” Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó mọ̀ pé wọ́n ń ṣe fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kejì oṣù kejì ni wọ́n ń ṣàyájọ́ àbàtà àti gbogbo ilẹ̀ olómi lágbàáyé, nítorí àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Ramsar ní Ìráànì lọ́jọ́ náà ní 1971. Nàìjíríà wọ àdéhùn náà ní 2001. Ibi 11 ni orílẹ̀-èdè wa ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, láti adágún Chad títí dé adágún Ògútá. Mo ti wo àkọsílẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ẹyọ kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwa tí a ní àbàtà láti Ìlàjẹ títí dé Àgbádárìgì, tí a ní ọ̀rọ̀ fún àbàtà, fún irà, fún ẹrọ̀fọ̀, fún àkùrọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀.

A padà sílé wa ní Ìṣẹ́rí. Ẹni tó ti fi gbogbo owó rẹ̀ kọ́lé kò ní ibòmíì tó ń lọ. A gbé ilẹ̀ pálọ̀ ga, a fi àtẹ̀gùn mẹ́rin sẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ gbọọrọ kan wà lẹ́yìn ilé mẹ́jọ ní òpópónà wa, ibi tó jìn jù, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kún. Mo lọ láti ilé dé ilé, mo bẹ àwọn aládùúgbò kí wọ́n jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé mo fẹ́ gbà á. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n gbà. Mo kọ ebè síbẹ̀ bí Ìyá Àgbà ṣe ń kọ ọ́, mo gbin kókò sí etí omi, mo gbin ewédú àti àgbàdo sókè díẹ̀. Ìyá Bọ̀dé tó wà ní ilé kẹta mú ìrèké wá. Ní 2022, nígbà tí omi tún ya káàkiri Nàìjíríà, ó dé àtẹ̀gùn kejì wa, ó dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, ó padà. N kò ní purọ́ pé kókò mi ló dá a dúró. A ti gbé ilé ga. Àmọ́ mo rí i bí ilẹ̀ gbọọrọ yẹn ṣe kún kí omi tó kàn wá, mo sì rí i pé ibẹ̀ ni omi gbà padà lọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni kọ̀ǹkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké níbẹ̀ lóru. Òṣíbàtà kan ti yọjú pẹ̀lú. Èmi kọ́ ni mo gbìn ín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ajẹ́ǹtì kan wá pẹ̀lú oníbàárà tó fẹ́ ra ilẹ̀ gbọọrọ náà, owó tó pè sì ga. Àwọn méjì nínú ilé mẹ́jọ ti ń wò ó. Ọmọ ọ̀kan wọn fẹ́ wọ yunifásítì, mi ò lè bá a jà. Ọjọ́ Sátidé yìí ni ìpàdé òpópónà wa. Àgbàdo àkùrọ̀ wa ti gbó, òun nìkan ni àgbàdo tútù tó wà ládùúgbò lásìkò yìí. Mo ti ní kí àwọn ọmọ bá mi ya á ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí n lè gbé e dé ìpàdé ní gbígbóná.